Nígbà Tí Nọ́ọ̀sì Bá Fẹ́ Dín Wákàtí Iṣẹ́ Rẹ̀ Kù

Yàrá ìjẹun òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti sábà máa ń kọ́kọ́ jáde, láàárín nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n ń dúró kí ìrẹsì wọn gbóná. "Àǹtí, ó ti sú mi o. Mo fẹ́ dín ṣífùtù mi kù." Àǹtí á bojú wẹ̀yìn, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Rọra o. Ṣé o ti rántí físà?" Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Lóṣù mẹ́ta sí i, wọn á tún sọ ọ́ níbi kan náà, ọ̀gá wọ́ọ̀dù tó lè fọwọ́ sí i kò sì tíì gbọ́ nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ NMC, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí níwèé àṣẹ ní Britain, ti ju 10,000 lọ, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ̀, irú ìbéèrè yìí ṣọ̀wọ́n. Nílé ìwòsàn ìjọba nílé, ẹni tí nǹkan bá le fún á bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ ṣífùtù, á gba ìsinmi, tàbí kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kéèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà kó kàn gé díẹ̀ kúrò nínú wákàtí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò ní mọ ohun tí wọ́n máa fèsì. Ní NHS, ètò ìlera ìjọba Britain, ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ wà nínú àdéhùn iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá béèrè kò tọrọ àánú, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó kù ni pé kó ti ṣírò owó rẹ̀, kó ti yẹ físà rẹ̀ wò, kó tó la ẹnu.

NHS ilẹ̀ England ni orí yìí ń sọ. Owó oṣù Scotland yàtọ̀, Northern Ireland sì ní òfin tirẹ̀ lórí irú ìbéèrè yìí.

Ṣífùtù kẹrin

Wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ ní kíkún. Ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ gígùn, ṣífùtù kan sábà máa ń jẹ́ wákàtí 12.5, ṣùgbọ́n 11.5 ni wọ́n ń sanwó fún nítorí wọn kì í ka àkókò ìsinmi mọ́ ọn. Ṣífùtù mẹ́ta lọ́sẹ̀ já sí wákàtí 34.5. Ó ku mẹ́ta. Wákàtí mẹ́ta tó ń ṣẹ́ kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn ló ń kóra jọ, tó fi jẹ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kan á wà tí nọ́ọ̀sì á ṣe ṣífùtù mẹ́rin. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, tó sì ní ọmọ tó ń lọ síléèwé, mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ yẹn máa ń jọ.

Nítorí náà, ìbéèrè tó gbọ́n jù lè jẹ́ èyí tó kéré jù: kí 37.5 di 34.5. Ṣífùtù mẹ́ta lọ́sẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí gbèsè wákàtí tí wọ́n á máa tọ́ka sí lórí rótà.

Kí ni ó máa ná an? Ní ọdún owó oṣù 2025/26, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Band 5, ìpele owó oṣù tí nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀, gba £31,049 lọ́dún. Bí ó bá ń ṣe 34.5, owó náà di £28,565. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ £2,484 lọ́dún, tàbí £207 lóṣù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo £207 yẹn ló ń dé ọwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: owó orí ń gba tirẹ̀, National Insurance ń gba tirẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì náà kò sì gbẹ́yìn. Ohun tí yóò dín kù lápò rẹ̀ lóṣù kò tó £150. Ẹni tó ń san owó àfikún fún olùtọ́jú ọmọ nítorí ọ̀sẹ̀ ṣífùtù mẹ́rin lè rí i pé kò sí àdánù kan tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà o. Owó àfikún alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ kò sí nínú iye tí a kọ sókè yìí. Ní Band 5, iṣẹ́ alẹ́ àti ti Sátidé ń mú àfikún ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wá, ti Sọ́ńdè àti ti ọjọ́ ìsinmi gbogbo ìlú sì ń mú ìdá 60 wá. Bí ó bá jẹ́ ṣífùtù alẹ́ Sọ́ńdè ni wọ́n yọ kúrò fún nọ́ọ̀sì náà, àdánù rẹ̀ á ju ohun tí a ṣírò lọ. Ìwé owó oṣù bíi mẹ́fà sẹ́yìn ni kó tẹ́ sílẹ̀ kó fi ṣírò.

Físà ṣíwájú

Ibi tí ọ̀rọ̀ Àǹtí yàrá ìjẹun ti tọ̀nà nìyí. Ẹni tó wà lórí físà Health and Care Worker kò lè dín wákàtí kù bó ṣe wù ú, torí pé owó oṣù rẹ̀ ló gbé físà náà dúró. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, owó ọdún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí £25,000. Wọ́n lè fi ìwọ̀n wákàtí wọn owó ipele iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìwọ̀n wákàtí wọn £25,000 yìí. Iṣẹ́ àbọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí iṣẹ́ kíkún, òun náà ni.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ọ̀sì Band 5 àkọ́kọ́ yẹn, pẹ̀lú owó 2025/26 rẹ̀, wò ó. Ní wákàtí 34.5, £28,565 rẹ̀ kọjá òdiwọ̀n, kò séwu. Ní wákàtí 31, owó rẹ̀ jẹ́ £25,667, ó ṣì kọjá. Ní wákàtí 30 géérégé, tí í ṣe iye tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń rò torí pé ó rọrùn lẹ́nu, ó di £24,839. £161 ló fi dín sí òdiwọ̀n, físà sì lè bọ́ nítorí rẹ̀. Ṣífùtù méjì lọ́sẹ̀, ìyẹn wákàtí 23, kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀: £19,043 péré ni. Kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi iṣẹ́ bank, ìyẹn ṣífùtù àfikún tí kò sí nínú àdéhùn, tàbí owó alẹ́ dí àlàfo náà, nítorí owó oṣù tó dájú nínú ìwé àdéhùn nìkan ni Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ń kà.

Nọ́ọ̀sì tó ti wà ní òkè Band 5, ní £37,796 ti 2025/26, ní àyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun lè sọ̀ kalẹ̀ sí wákàtí 25 kó ṣì gba £25,197. Ẹni tó bá sì ti gba ILR, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbé títí lọ, tàbí tó ti di ọmọ onílùú, lè fo apá yìí kọjá. Fún olùtọ́jú àgbàlagbà tí owó rẹ̀ dúró lórí £25,000 gan-an, kò sí wákàtí kan ṣoṣo tó lè gé, àfi kí owó wákàtí rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sókè.

Òfin físà ń yí lọ́dọọdún, nígbà míì ó ń yí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹni tó ń ka ìwé yìí gbọ́dọ̀ fi iye owó tó wà lórí ìkànnì ìjọba lọ́jọ́ tó fẹ́ kọ̀wé rẹ̀ wé èyí tó kà níbí. Lẹ́yìn náà ni kó kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó físà nínú ilé ìwòsàn rẹ̀, kó béèrè ìbéèrè kan péré: "Bí mo bá dín sí wákàtí báyìí, tí owó mi di báyìí, ṣé ilé ìwòsàn yìí lè máa ṣe onígbọ̀wọ́ físà mi lọ?" Kó dúró de èsì ní kíkọ. Bí wákàtí bá yí padà lóòótọ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó Home Office létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n òun ló ń jìyà rẹ̀ bí wọ́n bá gbàgbé. Ẹni tí àìsàn ló mú kó fẹ́ dín wákàtí kù fún ìgbà díẹ̀ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, torí àyè ọ̀tọ̀ wà fún ìyẹn bí àwọn oníṣègùn ilé iṣẹ́ bá ti fọwọ́ sí i.

Kó tún ṣí ìwé àdéhùn tó bá a ti Nàìjíríà wá. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá kúrò kí ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó pé á dá owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ti ìdánwò padà. Ẹni tó ń kúrò níṣẹ́ ni gbólóhùn yẹn sábà máa ń dá lé, ṣùgbọ́n ó dára kéèyàn ti kà á kí ẹlòmíràn tó kà á sí i létí.

Àwọn nǹkan míì tó ń bá wákàtí rìn

Ìwé àṣẹ NMC kọ́ ni kó máa dààmú nọ́ọ̀sì. Wákàtí iṣẹ́ 450 láàárín ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè, ẹni tó bá sì ń ṣe ṣífùtù gígùn kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ á ti kọjá rẹ̀ kí ọdún kan tó pé. Ìsinmi ọdún ń dín kù ní ìwọ̀n. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní ọjọ́ 27 pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi ìlú mẹ́jọ, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 262.5, ní 34.5 ó di 241.5, ìyẹn ṣífùtù gígùn 21 gẹ́lẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì náà ń dín kù ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà gan-an ni wọ́n fi ń mọ ìdá tí wọ́n máa yọ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe owó iṣẹ́ kíkún mọ́. Ẹlòmíràn dín wákàtí kù, ó bọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀, ìdá tí wọ́n ń yọ sì dín kù pẹ̀lú.

Obìnrin tó ń retí láti lóyún, tàbí tó ti lóyún, kó fara balẹ̀. Owó tó ń gbà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó ṣíwájú ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún sí ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìsinmi ọmọ bíbí. Bó bá gé wákàtí rẹ̀ kí àsìkò yẹn tó kọjá, owó kékeré ni yóò máa bá a jókòó nílé. Bó bá jẹ́ pé oyún náà ló ń mú iṣẹ́ ṣòro, ọ̀nà míì wà: agbanisíṣẹ́ ni òfin ní kó yẹ ewu iṣẹ́ rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe.

Ti àwọn àgbà wa tó dé Britain ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń pè é ní jápa tún yàtọ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, ẹni tó ti pé ọdún 55 tó sì wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì 1995 ti NHS lè gba ìdá 20 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ, bí owó oṣù tó ń mú ìfẹ̀yìntì wá bá ti dín ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán fún ọdún kan. Ẹ kíyè sí i: láti 37.5 sí 34.5, ìdá mẹ́jọ ni. Kò tó. Wákàtí 33.75 ni ìlà náà wà, àǹtí tó bá sì dúró sí 34.5 á kàn pàdánù owó lásán.

Lẹ́tà

Òfin méjì ló wà lẹ́yìn ìbéèrè yìí. Èkíní ni ti gbogbo òṣìṣẹ́ ní England, Scotland àti Wales: láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ lè béèrè láti ọjọ́ kìíní tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù méjìlá, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín oṣù méjì. Kò gbọdọ̀ kọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bá òṣìṣẹ́ náà jókòó. Èkejì ni àdéhùn NHS fúnra rẹ̀, tó fẹ̀ ju òfin lọ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021: kò ní iye ìgbà, kò sì dandan kí òṣìṣẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìtọ́jú aládàáni ní ti èkíní nìkan.

Ní kíkọ ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí kò bá sí, ímeèlì tó. Bí a bá gbé e sí Yorùbá, ara lẹ́tà náà kò ju báyìí lọ:

"Ọjọ́ 2 oṣù kẹta. Mo ń fi ìwé yìí béèrè fún àyípadà wákàtí iṣẹ́ lábẹ́ òfin àti lábẹ́ àdéhùn iṣẹ́ wa. Mo fẹ́ kí wákàtí mi dín láti 37.5 sí 34.5 lọ́sẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà. Èyí jẹ́ ṣífùtù gígùn mẹ́ta lọ́sẹ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, mi ò sì yọ ara mi kúrò nínú òpin ọ̀sẹ̀ tó bá kàn mí. N kò tíì béèrè irú rẹ̀ láàárín oṣù méjìlá sẹ́yìn. Mo ṣe tán láti dán an wò fún oṣù mẹ́ta."

Gbólóhùn tó kàn òpin ọ̀sẹ̀ yẹn ló níye lórí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí ọ̀gá wọ́ọ̀dù ń bẹ̀rù nínú irú lẹ́tà yìí ni pé nọ́ọ̀sì fẹ́ mú ọjọ́ tó dùn kó sì fi Sátidé sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Ẹni tó bá ti yọ ẹ̀rù yẹn kúrò ní ìlà kẹta ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ gan-an ni kò lè ṣe, kó sọ ọ́ láìfi bò, kó sì sọ ohun tó lè fi dípò, bóyá alẹ́ Mọ́ńdè tí kò sẹ́ni tó fẹ́.

Lórí ìdí: wọn kì í fipá béèrè, ṣùgbọ́n ìdí míì wà tó yẹ kéèyàn sọ fún àǹfààní ara rẹ̀. Àìlera tó pẹ́ lára ń mú òfin tó lágbára jù wọlé, ìyẹn Equality Act ti 2010, tó fi dandan lé e pé kí agbanisíṣẹ́ ṣe àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu. Ọmọ títọ́ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́ ẹjọ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò kan ní Cumbria, tó ní ọmọ mẹ́ta, tí méjì nínú wọn ní àìlera. Ọjọ́ méjì pàtó lọ́sẹ̀ ló ń ṣe. Wọ́n ní kó máa wá lópin ọ̀sẹ̀ nígbà míì, kò lè ṣe é, wọ́n sì dá a dúró. Ilé ẹjọ́ sọ pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé orí obìnrin ni ọmọ títọ́ ń wúwo sí jù, pé kí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ má tún máa béèrè ẹ̀rí lórí ìyẹn, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà padà fún àtúngbọ́. Èyí kò sọ pé gbogbo ìyá ló máa jàre. Ó kàn dí ọ̀nà kan tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń gbà yọ.

Ìjókòó pẹ̀lú ọ̀gá

Kí lẹ́tà tó lọ, ó dára kí ọ̀gá ti gbọ́ ọ lẹ́nu. Kì í ṣe ní kọ́rídọ̀, kì í ṣe nígbà tí wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárọ̀, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ tí èèyàn méjì ti pè pé ara wọn ò yá. Kó béèrè fún ogún ìṣẹ́jú.

Ìṣòro ọmọ Yorùbá níbẹ̀ ni ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n fi tọ́ ọ. A ó kí ọ̀gá, a ó béèrè ìdílé, a ó dúpẹ́ ti àná, a ó ní nǹkan kékeré kan ni, kò tilẹ̀ sí wàhálà bí kò bá ṣeé ṣe. Àgbàlagbà nílé á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ń bọ̀. Ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ pé kò sí wàhálà, ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì gbàgbé. Kí iye wákàtí àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ wà nínú gbólóhùn kejì tó máa ti ẹnu nọ́ọ̀sì náà jáde. Kó tó wọlé, kó ti mọ rótà: ta ló ń wá wákàtí sí i, ṣé wọ́n ń gba èèyàn tuntun, ṣífùtù wo ló máa ń ṣófo. Ọ̀gá tí wọ́n bá gbé ìṣòro àti ojútùú rẹ̀ wá fún pa pọ̀ kì í pẹ́ kó tó fetí sílẹ̀.

Bí ọ̀gá bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ńkọ́? Ìyẹn lè rọrùn, ó sì lè nira jù. Mọ̀mọ́ lè rẹ́rìn-ín músẹ́, kó ní: "Ọmọ mi, àwa tá a ṣe àádọ́ta wákàtí lọ́sẹ̀ ńkọ́? Fara dà á díẹ̀ sí i." Èsì tó yẹ kò gùn: "Ẹ ṣeun mà, mo gbọ́ yín. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì yín kó lè wà lákọsílẹ̀." Ọ̀wọ̀ kò bàjẹ́, ìbéèrè náà kò sì sọnù.

Ohun tí kò yẹ kó sọ ni pé òun á fiṣẹ́ sílẹ̀ bí wọn ò bá gbà, àfi bí ó bá ti ríṣẹ́ síbòmíràn lóòótọ́. Ẹni tó wà lórí físà kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣeré rárá.

Bí wọ́n bá ní rárá

Ìdí mẹ́jọ péré ni òfin gbà kí agbanisíṣẹ́ fi kọ̀. Èyí tó ń wáyé jù ní wọ́ọ̀dù ni pé wọn ò lè pín iṣẹ́ náà fún àwọn tó kù, pé wọn ò rí ẹni gbà, tàbí pé ìtọ́jú aláìsàn á bàjẹ́. "Bí mo bá fún ẹ, gbogbo wọn á fẹ́" kò sí nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ní NHS, ọ̀gá wọ́ọ̀dù kọ́ ni òpin: bí òun àti nọ́ọ̀sì kò bá ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gòkè lọ sí ìpele kejì, níbi tí wọ́n á ti wò ó bóyá wọ́ọ̀dù míì tàbí ètò míì lè gbà á. Níbẹ̀ ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi RCN tàbí UNISON ti wúlò jù, ó sì yẹ kí nọ́ọ̀sì ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ṣáájú kí wàhálà tó dé. ACAS, àjọ tó ń bójú tó aáwọ̀ ibi iṣẹ́, ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ẹjọ́ iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lórí òfin ìbéèrè yìí nìkan kò lè gbà ju owó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ. Nítorí náà kò sí ìdí láti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìdáhùn àárín náà wà. Wọ́n lè ní kó jẹ́ oṣù mẹ́fà, tàbí kó jẹ́ wákàtí 36, tàbí kí wákàtí dúró bó ṣe wà kí wọ́n sì fún un ní rótà tí kò ń yí. Fún ẹlòmíràn, èyí tó kẹ́yìn yìí gan-an ló ti ń wá láìmọ̀.

Bí wọ́n bá gbà

Kí inú má dùn jù títí tí ìwé fi dé. Bí ìwé náà kò bá dá ìgbà sí i, títí lọ ni àyípadà yẹn, kò sì sí òfin tó fi dandan lé e pé kí wọ́n dá wákàtí kíkún padà fún un lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá rò pé òun á fẹ́ padà kó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àtúnyẹ̀wò sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́. Kó tún wo rótà oṣù àkọ́kọ́ dáadáa: àwọn kan dín sí 34.5 tán, wọ́n wá rí i pé wọ́n ti fi ṣífùtù bank dí àyè náà nítorí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe lè sọ pé rárá nígbà tí tẹlifóònù bá dún láago mẹ́fà àárọ̀.

Nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ bá wọlé, ìlà mẹ́rin ni kó wò lórí ìwé rẹ̀: wákàtí, owó wákàtí kan, tí kò gbọdọ̀ yí padà rárá, ìdá owó ìfẹ̀yìntì, àti iye wákàtí ìsinmi tó ṣẹ́ kù. Ìsinmi ni wọ́n máa ń ṣì ṣírò jù, pàápàá bí àyípadà náà bá bọ́ sí àárín ọdún. Bí wọ́n bá sanwó jù fún un, kó tètè sọ, nítorí wọ́n máa gbà á padà lọ́jọ́ kan, ó sì lè jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà á.